Ọ́ìlì Tí Mo Dà Sínú Alùpùpù Ọkọ Mi

Kí akọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé yìí, mo bẹ alága kó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń dún nínú àgbàlá, torí ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò ní ẹnu tí n ó fi tún un sọ. Èmi Ìyá Ọlọ́ìlì ni mo kọ ọ́, èmi tí ìsọ̀ mi wà lẹ́nu géètì, tí gbogbo ẹ̀yin mẹkáníìkì ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ni mo kọjú sí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá dún níta, ìborùn mi wà nítòsí tí n ó fi bò ó. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń bẹ̀rù yín, mo ń bẹ̀rù ọkọ mi, àmọ́ àbúrò mi ni mo ń bẹ̀rù jù, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni kò ṣe mí ní ibi kankan rí. Ẹ lé e kúrò láàárín yín, ẹ pè é ní olè, ẹ sì ti ń sọ pé ní ìpàdé yìí lẹ ó fi ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó fi fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ tèmi. Àbúrò mi kò jalè. Èmi ni mo ba alùpùpù náà jẹ́. N kò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọn kò mọ bí a ṣe jẹ́ síra wa. Fetísí tí ẹ ń pè é, ọmọ ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ni wọ́n gbé e pọ̀n sí, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi mọ ẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Fetísí, nítorí bó ṣe máa ń fi ẹnu sukudiráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, tí á fi ìdí rẹ̀ kan etí, tí á wá dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó bi ẹ́ńjìnnì bóyá ó sùn dáadáa. Òun ló bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè lẹ́nu géètì. Òun ló fi yé mi pé ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀kan náà, pé ti alùpùpù yàtọ̀, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yàtọ̀. Ẹ sì mọ àṣà àgbàlá wa: ẹni tó ta ọ́ìlì ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dà á sínú ẹ́ńjìnnì, kí oníbàárà má baà sọ pé mẹkáníìkì bù nínú rẹ̀ pamọ́. Mẹkáníìkì á tú ti àtijọ́ dànù, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi á gbé àrọ mi dé, n ó dà á, òun á kàn wò ó bóyá ó ti dé ojú àmì. Kò ní bi mí pé irú ọ́ìlì wo nìyí. Ta ló bi mí rí? Kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ la ṣe dá àṣà yẹn sílẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni mo gbà wọlé.

Ọkọ mi ni ẹni tí ẹ ń pè ní Ẹlẹ́rù, tó máa ń gbé ẹrù fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kiri. Alùpùpù rẹ̀ ti gbó, ó dàgbà ju àbíkẹ́yìn wa lọ, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe ń tọ́jú eyín ẹnu rẹ̀ lọ. Fetísí ló ń bá a tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣe é, ó ní bí òun bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n òun, ojú wo lòun ó fi wò mí. Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí tí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹ mọ òkè yẹn, ó ga débi pé àwọn tó ru ẹrù wúwo máa ń yí i ká ni. Ọjọ́ tí kò bá ní ẹrù ló ń gùn ún. Ó ń wẹ̀ kó tó lọ. Mo bi í, ó ní oníbàárà tuntun ni. Mo ní ṣé oníbàárà yẹn ló ní kó máa fi lọ́fínńdà pa ara, ó ní kí n fojú sí ọ́ìlì mi. Mo fojú sí i. Bó ṣe wí náà ni mo ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ẹ mọ̀ ọ́n, Onítáyà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tèmi. Ó wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dojú kẹ́ẹ̀gì kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní òun kò ní gbà kí wọ́n máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú òun. Ó ní obìnrin kan tó ń ránṣọ lókè ọ̀hún ni. “Mo fojú ara mi rí i,” ó ní, “ó ń fọ fìlà ọkọ rẹ.” Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ló pa mí. Ká ní ó sọ pé òun bá wọn níbi tí wọ́n ti dì mọ́ra ni, bóyá n ó ní irọ́ ni, torí ẹnu Onítáyà kì í gbé jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí obìnrin máa fọ fìlà ọkùnrin, ẹni tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé nìyẹn. Èmi ni mo ra fìlà náà. Mo bú sẹ́kún níbi tí mo jókòó sí, mo ń fi àkísà ọ́ìlì nu ojú, gbogbo ojú mi dúdú. Onítáyà wò mí, ó ní, “Ohun tó ń gbé e lọ ń mu ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ń sunkún.” Mo ní kí ló ní lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò sọ nǹkan kan o, òun táyà lòun ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ pín ẹ̀bi fún un. Ẹnu lásán ló fi sí i. Ọwọ́ tèmi ló dà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà tó bá wà níkàlẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ẹ̀yìn. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ni, a tò wọ́n lé ara wọn, sípíríngì wá ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Bí wọ́n bá ń yọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lásán. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, gbígbẹ ló sábà máa ń wà. Ti irú alùpùpù ọkọ mi, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ́ìlì kan sì wà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ tuntun báyìí, wọ́n fi oògùn sí i tó ń mú un yọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Mo ní in lórí pẹpẹ fún àwọn onímọ́tò tó wà ní òdìkejì títì. Fetísí ló kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣí ìsọ̀ pé kí n má jẹ́ kó dé inú alùpùpù ẹnikẹ́ni, torí àwo kílọ́ọ̀ṣì á mu ún, kò sì ní di ara wọn mú mọ́. Ohun tó kọ́ mi kí n má baà ṣèèṣì ṣe é, òun ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ tí alùpùpù náà fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, mo ti rọ ọ́ìlì ọkọ̀ sínú ike ti alùpùpù sílẹ̀. Fetísí tú ti àtijọ́ dànù, ó dì í padà, ó dúró tì mí, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kọ oúnjẹ láti àárọ̀. Mo ń dá a lóhùn. Mo ní kó lọ wo ẹ̀yìn eyín ọmọ náà bóyá ó ń hu òmíràn. Ọ́ìlì ń wọlé lọ, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Bí mo bá rántí báyìí, èyí ló ń já mi láyà jù, pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú àmì, ó ní, “Ó ti tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́.” Mo gbé àrọ mi, mo padà sí ìsọ̀, mo fi ọwọ́ kan náà gé búrẹ́dì jẹ.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò hàn. Àmọ́ tí ọkọ mi bá ti gun òkè dé ìdajì, tó wà nínú jíà ńlá, tó fúnná sí i, ẹ́ńjìnnì á ké tòò, alùpùpù kò ní sáré sí i. Ariwo pọ̀, ìrìn kò sí. Ó padà wálé pẹ̀lú òórùn nǹkan jíjó lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Màṣíìnì yìí ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù, kò sì kúrò lójú kan.” Mo bu omi fún un. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń mu omi, mo ní ní ọkàn mi pé òkè ti dá ọ padà fún mi.

Fetísí gbé e sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó sún mọ́ ọn rí gbogbo ohun tó ṣe, ẹ kàn gbàgbé nígbà tó yá ni. Ó kọ́kọ́ di ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mú, ó ń mì ín wò, torí bí wáyà bá le jù, tí kò fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé èèyàn ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà gbogbo ni, àwo kò ní fún ara wọn pọ̀ tán. Ó dẹ wáyà, ó fún un ní àyè tó yẹ. Ó gùn ún lọ sí ìdí òkè, ó padà dé, ó ń mi orí. Ó wá fi táyà iwájú ti ògiri, ó ki jíà, ó ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì kú ló yẹ. Kò kú, ó ń ké lọ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi náà jẹ́ mẹkáníìkì, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ bí, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ́ńjìnnì ò ṣàárẹ̀. Agbára wà ńbẹ̀. Ohun tó yẹ kó di agbára yẹn mú ni ò dì í mú.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gbọ́ ọ.

Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó kó àwọn àwo jáde. Wọ́n ti jẹ díẹ̀, bí ohun tó gbó ṣe ń rí, kò sì sí ẹni tí kò ní sọ pé òun ló fà á. Ó ní ká pààrọ̀ wọn, ọkọ mi sì fún un lówó. Ọwọ́ mi ló ti wá rà wọ́n, torí mo ń ta àwo kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọ́ìlì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, alága: ọwọ́ mi ni Fetísí ti ra àwo tuntun. Èmi ni mo na ọwọ́ gbé wọn lórí pẹpẹ, mo ya bébà ara wọn, mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé àwo tuntun kì í wọlé ní gbígbẹ, a ní láti kọ́kọ́ fi ọ́ìlì rẹ ẹ́. Ó gbé abọ́ kan fún mi, ó ní, “Ẹ bá mi bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i.” Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Ike rere wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, èkejì wà lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi tún bi mí níbi tí mo gbé fìlà rẹ̀ sí. Mo bu ti òsì. Ó rẹ àwọn àwo náà sínú rẹ̀ bí ìyá tó ń wẹ ọmọ, ó ń yí wọn padà kó lè kàn wọ́n níbi gbogbo. Ó tò wọ́n, ó dì í pa. Mo tún gbé àrọ mi dé.

Ó yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fetísí kò lè jẹun mọ́. Ó wọn àwọn sípíríngì lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti sún kì, wọn kò sún kì. Ó ní bóyá agbára wọn ló dín kù, ó fi wọ́ṣà, irin róbótó pẹlẹbẹ, sí ìdí wọn kí wọ́n lè tẹ àwo pọ̀ sí i. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wá le, ìka ọkọ mi wú, síbẹ̀ alùpùpù kò gun òkè. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí bú u. Ó ní òun rò pé àna lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé jàgùdà lòun gbé wọlé. Fetísí ní, “Ẹ ní sùúrù, bọ̀dá, n ó rí i.” Ọkọ mi kò ní sùúrù. Ó ti alùpùpù náà jáde ní géètì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí kì í ṣe ara wa. Ẹni yẹn tú u, ó sì bá àwo tó dúdú, tó ti jó, tó tín-ín-rín, tí àwọn onírin àárín wọn ti yí àwọ̀ sí búlúù. Yíyọ̀ ló jó wọn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwo tuntun tó bá ń yọ̀ kì í pẹ́ jóná. Àmọ́ ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ. Ó ní àwo àtijọ́ ni wọ́n dá padà síbẹ̀, pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti kó tuntun sápò. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka pa ọ́ìlì wò, bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe, ó ní ọ́ìlì kò ní ẹ̀ṣẹ̀, ó ń yọ̀ dáadáa.

Ẹ dúró ná, ohun kan wà tí mo fẹ́ fò, n kò ní fò ó. Ní àárín gbogbo èyí, nígbà tí alùpùpù kò ṣeé gùn, mo rò pé ọkọ mi yóò jókòó sílé. Ó wẹ̀, ó dé fìlà, ó ní òun ń lọ wọ mọ́tò akérò. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní níbo. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹnì kan wà níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Má jẹ́ ká máa tan ara wa.” Ó rọra gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbé àga, ó kọjá. Ṣé ẹ rí i? Òkè kò dí i lọ́wọ́. Mọ́tò akérò wà. Ẹ̀tàn tí mo ṣe kò mú un dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n da ọ́ìlì náà nù, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú àbúrò mi. N kò lọ. Inú ń bí mi débi pé n kò rí ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe ara mi.

A wá dé ìpàdé tí ọkọ mi pe ẹjọ́. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ kò sí nínú mi. Ọkọ mi kó àwo dúdú náà sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Fetísí ní tuntun lòun fi sí i, ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ti rà á, kí wọ́n bi mí. Nígbà tí alága pè mí, àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ bí ẹni tí ẹjọ́ ti parí fún, tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Alága ní, “Ìyá Ọlọ́ìlì, ọmọ ìyá rẹ ní ọwọ́ rẹ lòun ti ra àwo tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan á béèrè ohun tó jó àwo tuntun láàárín àkókò díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní wáyà ńkọ́, sípíríngì ńkọ́, títí wọ́n á fi kan ọ́ìlì. Wọ́n á ní ta ló dà á. Mo rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ bí mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ já. Onítáyà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tún ìró aṣọ rẹ̀ ró, kò wo ojú mi. Mo ní, “Rárá. Kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi.”

Àbúrò mi kò bínú, ká ní ó bínú ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń ran àgbàlagbà tó gbàgbé nǹkan lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún rántí dáadáa. Ẹ ya bébà ara wọn fún mi.” Mo ní, “Mo ti sọ tèmi.” Ẹnì kan lẹ́yìn ní bí ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n bá lè sọ báyìí, òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ ni ariwo olè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó ru àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀nà géètì kan ṣoṣo la ní, iwájú ìsọ̀ mi ló gbà kọjá, àpótí náà wúwo, ó ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi, àfi bó ṣe jẹ́ pé ẹnu ìsọ̀ mi ló ti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo wọ inú lọ, mo ń to ike tí kò nílò títò. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi ni ikú ilé náà.

Láìpẹ́ ọkọ mi kó lọ sí òkè pátápátá. Ó fi alùpùpù sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri àgbàlá níbi tó wà títí di òní, ó ní òkú ẹran ni. Mo tọ Onítáyà lọ, mo ní ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí, ká jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní, “Èwo ni ‘ká jọ’? Ìwọ lo ta ọ́ìlì.” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló lọ bá alága pé ìsọ̀ tó ṣófo yẹn á gba táyà òun dáadáa. Ó dùn mí, mo sunkún pé ó dà mí. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ni mo ń sunkún fún. Ẹni tó da ọmọ ìyá rẹ̀, ó ń wá olóòótọ́ ọ̀rẹ́.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé Fetísí wá. Ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ló ti ń ru àpò báyìí. Ó wá ní ọ̀sán gangan, ó dúró lẹ́yìn géètì, kò fẹsẹ̀ kan inú àgbàlá, ó ní kí n jáde. Èjìká rẹ̀ ti bó. Mo rò pé èpè ló wá ṣẹ́ fún mi, mo tiẹ̀ ti ń retí rẹ̀, ì bá tù mí lára. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rò ó já. Wáyà dára. Sípíríngì dára. Àwo, tuntun ni, èmi àtẹ̀yin la mọ̀. Ohun tó kù ò ju ọ́ìlì lọ. Ẹni tó ń kó ọjà fún yín ló ti rọ ti ọkọ̀ sínú ike alùpùpù. Ẹ yẹ gbogbo ike yín wò, kó má baà ba ti ẹlòmíì jẹ́, kí wọ́n má baà wá dìde sí yín.” Mo ní kí ló dé tí kò lọ sọ fún alága. Ó ní, “Wọ́n á ti ìsọ̀ yín pa. Kí lẹ ó wá máa jẹ?” Ó ní, “Ti ọjọ́ ìpàdé, ẹ̀rù ló bà yín. Mo mọ̀.” Ó ní kí n bu omi fún òun, ó mu ún ní ìdúró, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n má baà yọ ọ́.

N kò mọ ohun tó mọ̀. Bóyá ó gbà lóòótọ́ pé ẹlòmíràn ló tàn mí. Bóyá ó ti mọ gbogbo rẹ̀, tó wá fún mi ní ẹni tí n ó dì í rù kí n lè ríbi sá sí. Láti ọjọ́ náà, n kò lè da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ọwọ́ mi gbọ̀n.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo ń pa láti gba ọmọ ìyá mi, ẹ lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Ẹ tú ọ́ìlì inú alùpùpù náà, ẹ fi èyí tó tọ́ ṣan inú rẹ̀ dànù. Ẹ má lo àwọn àwo tó ti jóná. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ yọ àwọn wọ́ṣà kúrò ní ìdí sípíríngì, kí ẹ̀yin fúnra yín ra ọ́ìlì ní ibòmíràn, kí ẹlòmíràn dà á. Kí ẹni tó wúwo jù nínú yín gùn ún lọ sí òkè ilé ìwòsàn. Ẹ ó rí i bóyá ẹ́ńjìnnì á ké lásán.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọjà títà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bí ọkọ bá dà yín, ọkọ ni kí ẹ kojú sí. Ẹ sọ ọ́ sí i lójú, ẹ kó ẹrù yín bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe gbẹ̀san, torí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ yẹn ló máa ń wà nítòsí jù, òun ló sì máa ń bá. Ní tèmi, ohunkóhun tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo gbà. Kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Mo bẹ̀ yín, kí alága fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí náà, kó mú èèyàn dání, kó sọ ọ́ fún Fetísí níṣojú àwọn tó ń bá a ru àpò pé kì í ṣe olè. Bí kò bá fẹ́ padà, ẹ má fi agbára mú un. Àmọ́ ẹ má rán mi sí i. Bó bá rí mi, á ní òun ti dárí jì mí, ẹ̀yin á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.